Òjìji, Ibòòji àti Òkùnkùn: Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta fún Fọ́tò Dúdú-òun-Funfun

Nígbà tí ayafọ́tò tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ bá pe nǹkan ní "shadow", ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ àwòrán igi tí oòrùn tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ igi náà. Ó lè jẹ́ abẹ́ igi, níbi tí ìtànṣán oòrùn kò dé tààrà, ṣùgbọ́n tí ojú ṣì ń rí ewé, èèpo igi àti òkúta. Ó sì lè jẹ́ inú ihò àpáta tí ojú kò ti lè rí ohunkóhun. Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Òjìji ni ti àkọ́kọ́, ibòòji ni ti èkejì, òkùnkùn sì ni ti ẹ̀kẹta. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ fọ́tò sí Yorùbá lè tètè mú ọ̀kan nínú wọn, kí ó sì fi dí gbogbo àyè tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn bá ti jẹ yọ.

Àléébù irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ sórí ẹwà èdè. Iṣẹ́ ni ó ń bàjẹ́. Òfin kan wà tí ó ti pẹ́ láàárín àwọn tí ń ya fọ́tò dúdú-òun-funfun: ibòòji ni kí wọ́n fi pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò kan fíìmù, ibi tí ó mọ́lẹ̀ ni kí wọ́n fi pinnu iye àkókò tí fíìmù yóò lò nínú oògùn. Bí atúmọ̀ bá kọ òkùnkùn sí ipò ibòòji nínú òfin yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ̀ lé e yóò wá ihò tí ó dúdú jù lọ, yóò wọn ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ yóò sì kan fíìmù rẹ̀. Bí atúmọ̀ bá kọ òjìji, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò máa wá àwòrán igi nílẹ̀ níbi tí kò sí ìkankan. Fíìmù kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ohun tí kò bá sí lórí rẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà ni. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀-ìperí inú iṣẹ́ yìí ṣe yẹ fún àríyànjiyàn tí ó jinlẹ̀.

Ohun tí èdè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Àwọn òwe fi ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí hàn kedere. Wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú òkùnkùn, ojú kò dá ọba mọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀fà; ìyàtọ̀ láàárín nǹkan àti nǹkan ti parẹ́. Wọ́n tún ní òjìji kò bẹ̀rù ọ̀fìn. Òjìji ní ìrísí, ó ní olówó rẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n kò ní ara tí ó lè fi ṣubú. Ohun tí òwe kìíní ń sọ ni àìrí. Ohun tí òwe kejì ń sọ ni ìrísí tí kò ní ara.

Ibòòji yàtọ̀ sí méjèèjì. Ibi ni ibòòji, ibi tí ènìyàn lè wọ̀. Abẹ́ ibòòji ni arìnrìn-àjò ti ń sinmi, ibẹ̀ ni ìyálọ́jà ti ń pàtẹ, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ta ayò. Ẹni tí ó ń ta ayò lábẹ́ igi ọ̀dán ń ka ọmọ ayò láìṣì í kà, ó sì ń rí ojú ẹni tí ó ń bá a ta á. Èyí ni ẹ̀rí tí ó tó pé ìmọ́lẹ̀ wà nínú ibòòji. Ó dín kù ni, kò tán.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbe èdè lẹ́yìn níhìn-ín. Ojú ọ̀run ni púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú ibòòji ìta gbangba ti ń wá. Afẹ́fẹ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ó sì ń fọ́n àwọ̀ búlúù ká ju àwọ̀ pupa lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi rí bí ó ti rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó fọ́n ká yìí ni ó ń wọ abẹ́ igi àti ẹ̀yìn àpáta. Ẹni tí ó bá ya fọ́tò igbó láìmọ èyí yóò rò pé apá kan àwòrán rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà, tí apá kejì kò ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan láti ara oòrùn, ọ̀kan láti ojú ọ̀run.

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá wá orúkọ tì

Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé orúkọ inú iṣẹ́ yìí ṣòro. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Henry Fox Talbot bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ní ọdún 1834. Ó fi iyọ̀ fàdákà pa ojú ìwé, ó tẹ́ ewé tàbí aṣọ léèsì lé e, ó sì gbé e sí oòrùn. Ibi tí oòrùn kàn di dúdú, ibi tí ewé bò kò yí padà. Orúkọ kan tí ó ti inú èdè Gíríìkì wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ yíya òjìji, wà lára àwọn tí Talbot ní lọ́kàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1839, orúkọ mìíràn ni ó lò, èyí tí ó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó bí àwòrán náà. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni John Herschel lo orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Gíríìkì jẹ́ fífi ìmọ́lẹ̀ kọ. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí. Láàárín ọdún márùn-ún péré, ohun kan náà kúrò ní iṣẹ́ òjìji, ó di iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí òye iṣẹ́ náà ti ń pọ̀ sí i ni orúkọ rẹ̀ ń yí padà.

Herschel yìí kan náà ni ó fún àwòrán tí dúdú rẹ̀ di funfun, tí funfun rẹ̀ di dúdú, ní orúkọ ní ọdún 1840. Ohun tí ó yí padà sí òdìkejì ni ó ń tọ́ka sí. Ó dára kí atúmọ̀ sí Yorùbá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ lè túmọ̀ rẹ̀ sí àwòrán burúkú. Òdì ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Bí aṣọ ti ní ojú, tí ó sì ní òdì, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe ní ojú tí ó sì ní òdì. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ ní òdì kò ba aṣọ jẹ́. Ó kàn yí i padà ni. Àwòrán òdì kò burú rárá. Òun gan-an ni ìyá tí yóò bí àwòrán títẹ̀.

Fíìmù àti ìpele mọ́kànlá

Lára fíìmù dúdú-òun-funfun, iyọ̀ fàdákà ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn, tí wọ́n sì fọ fíìmù náà nínú oògùn, fàdákà yóò kù síbẹ̀, yóò sì dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, fàdákà kò ní kù síbẹ̀. Fíìmù yóò mọ́ gaara ní àyè náà, àyè náà yóò sì di dúdú pátápátá nígbà tí wọ́n bá tẹ àwòrán sórí ìwé. Bí fíìmù bá pẹ́ sí i nínú oògùn, fàdákà ibi tí ó mọ́lẹ̀ yóò pọ̀ sí i gidigidi, ṣùgbọ́n ti ibòòji kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òfin tí ó wà lókè ti inú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìgbà tí kámẹ́rà ṣí ojú nìkan ni ayafọ́tò lè gba ibòòji là. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹni tí ó fi èyí kọ́ ayé jù lọ ni Ansel Adams, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1902, tí ó sì kú ní ọdún 1984. Àwọn òkè àti igbó Yosemite ní Kalifóníà ni ó fi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1939 sí 1940, òun àti Fred Archer, ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà kan ní Los Angeles, pín gbogbo ìpele láti dúdú pátápátá títí dé funfun pátápátá sí mọ́kànlá, láti 0 dé 10. Láti ìpele kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ìpele 5 ni àárín, òun ni ó bá ohun tí ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà mu. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ̀ bóyá èédú tàbí ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìpele 5 ni ó ń gbé ohun gbogbo sí. Ayafọ́tò ni yóò sọ fún un pé ibòòji ni èyí, ìpele 3 ni àyè rẹ̀. Láti 5 sí 3, ìmọ́lẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Níbi yìí ni ìyàtọ̀ òkùnkùn àti ibòòji ti di ohun tí ó ní nọ́ńbà. Nínú ètò Adams, ìpele 0 ni dúdú tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ìpele 1 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi rẹ̀. Ní ìpele 2 ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìpele 3 ni ohun dúdú ti fi ojú ara rẹ̀ hàn dáadáa, ìpele 4 sì ni ewé dúdú àti ibòòji inú pápá. Láti 2 dé 8 ni ojú ara nǹkan ti ń hàn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti lókè rẹ̀, kò hàn mọ́. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ bí wọ́n bá sọ fún un pé òkùnkùn ni 0 àti 1, pé ibòòji ni 2 dé 4. Ààlà tí èdè ti pa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bọ́ sí ibi tí ààlà ẹ̀rọ bọ́ sí gan-an.

Fún ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "shadow detail", kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Kúlẹ̀kúlẹ̀ wà ní èdè. Bí ènìyàn bá mọ kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀, ó mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Kúlẹ̀kúlẹ̀ inú ibòòji sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá sì kọ kúlẹ̀kúlẹ̀ inú òkùnkùn yóò gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bá ara rẹ̀ jà.

Àpẹẹrẹ méjì láti ọwọ́ ọ̀gá

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1927, Adams gun òkè lọ sí ibi tí ó ti lè dojú kọ àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Half Dome ní Yosemite. Gíláàsì olóògùn méjì péré ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo lẹ́ǹsì, ó ya àkọ́kọ́. Kété tí ó yà á tán ni ó mọ̀ pé àwòrán náà kò ní gbé bí àpáta náà ti bani lẹ́rù tó yọ. Ó pààrọ̀ gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè sí pupa tí ó pọ́n gan-an, ó sì ya èyí tí ó kù. Gíláàsì pupa kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Nítorí náà ojú ọ̀run di dúdú, ibòòji tí ojú ọ̀run ń tàn sí sì jìn sí i. Adams máa ń tọ́ka sí àwòrán yìí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ti kọ́kọ́ rí àwòrán títẹ̀ lọ́kàn kí ó tó ya á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní láti ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ fún èyí; Yorùbá ti ń sọ pé kí ènìyàn fi ojú inú wò ó. Ìfojú-inú-wò, nígbà náà, ni orúkọ ìgbésẹ̀ yìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dá rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni àwòrán òṣùpá tí ó yọ sórí abúlé Hernandez ní New Mexico ní ọdún 1941. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn wà lára àwọn àgbélébùú inú itẹ́ òkú. Adams wá ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tì. Ó rántí iye ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lójú òṣùpá, ó gbé òṣùpá sí ìpele 7, ó sì fi ìyẹn ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí ó tó lè ya ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Òṣùpá wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n fàdákà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí koríko àti ilẹ̀ wà, kò pọ̀ tó. Ní ọdún 1948 ni ó tún fi oògùn mú apá ìsàlẹ̀ náà nípọn sí i. Ó ṣeé ṣe nítorí pé fàdákà díẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ká ní òkùnkùn ni, ká ní kò sí fàdákà kankan, oògùn ì bá máà rí nǹkan mú. Ibòòji ni, nítorí náà ó ṣeé gbà là.

Àpẹẹrẹ méjèèjì fi hàn pé dúdú kì í ṣe àṣìṣe nígbà gbogbo. Ojú ọ̀run dúdú ti ọdún 1927 jẹ́ ohun tí ayafọ́tò yàn. Àṣìṣe ni dúdú tí kò yàn. Kí ayafọ́tò tó lè yàn, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ méjì fún ohun méjì.

Dúdú, funfun àti ohun tí ó wà láàárín

Wọ́n ti ń sọ fún ìgbà pípẹ́ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá dá mọ̀: funfun, pupa àti dúdú. Àwọn kan fi èyí jiyàn pé èdè náà kò lè sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò dúdú-òun-funfun, nítorí pé púpọ̀ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dúdú, kì í sì í ṣe funfun. Iyàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń pè é ní dúdú àti funfun, orúkọ náà kò sì dí àwọn tí ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn aláró ni ó yẹ kí atúmọ̀ lọ bá. Aṣọ tí aláró bá rẹ fún ìgbà díẹ̀ nínú aró yóò di àyìnrín. Bí ó bá ń tún un rẹ, tí ó ń sá a, tí ó tún ń rẹ ẹ́, yóò máa jìn sí i títí yóò fi sún mọ́ dúdú bí ẹtù. Ohun tí aláró mọ̀ ni pé dúdú kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ìpele, ọwọ́ sì lè dúró sí ìpele tí ó bá wù ú. Ọgbọ́n yìí gan-an ni Adams àti Archer fi nọ́ńbà sí.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò tọ́ kí wọ́n kó orúkọ aró wọ inú fọ́tò bí ó ṣe wà. Ìdí méjì ni. Ìkíní, àyìnrín àti ẹtù jẹ́ àwọ̀ tí búlúù wà nínú wọn, fọ́tò yìí kò sì ní búlúù. Èkejì, rírẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kì í ṣe ìlọ́po méjì. Bí aró bá ti rọ̀ tàbí tí ó le ni yóò sọ bí aṣọ yóò ti jìn tó. Ètò ni kí wọ́n yá lọ́wọ́ aláró, kí wọ́n fi nọ́ńbà ṣe òṣùwọ̀n. Fún ìpele 5, àwọ̀ eérú tó: eérú kì í ṣe èédú, kì í sì í ṣe ẹfun, gbogbo ilé ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n.

Bí àwòrán ti jókòó

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń fa ìṣòro ni "composition". Ní ilé-ìwé, àròkọ ni wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀, èyí kò sì bá fọ́tò tan rárá. Àwọn mìíràn lè dábàá ìtò, láti ara kí ènìyàn to nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ inú ilé fọ́tò mu. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àwọn ayafọ́tò Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́. Ó sì fi iṣẹ́ wọn wé àwọn ìlànà ẹwà tí Robert Farris Thompson ti gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá nípa ère, irú bí jíjọra àti ìfarahàn. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ayafọ́tò ni ó ń sọ fún àgbàlagbà pé kí ó dojú kọ kámẹ́rà, kí ó jókòó dáadáa, kí aṣọ rẹ̀ tẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn. Ó ń tò ó ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò to Half Dome? Àpáta kò gbọ́ àṣẹ. Òṣùpá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ ẹni tí ń ya igbó àti òkè kò ju ibi tí yóò dúró sí, ìgbà tí yóò dúró síbẹ̀, àti ibi tí yóò ti gé àwòrán rẹ̀ kúrò nínú ayé tí ó kù. Ojú rẹ̀ ni ó ń to nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ kò tò ó. Ìfojútò ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ èyí láìfi àyè sílẹ̀ fún àṣìgbọ́. Ó tẹ̀ lé ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ tí gbogbo olùkọ́ èdè mọ̀: fi ojú tò di fojútò, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sì sọ ọ́ di orúkọ. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ ti máa ń sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé kò ní fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá ìtò pàdé nínú ìwé, kí ó máa ṣiyèméjì bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ni ohun tí ó ń jáde lára ọmọ ọwọ́.

Ìfojútò àti ibòòji kò ṣe é yà. Nínú fọ́tò tí kò ní àwọ̀, ewé àti òkúta tí àwọ̀ mú yàtọ̀ lójú lè bọ́ sí ìpele kan náà, kí wọ́n sì wọnú ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ àti ibòòji ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fojú tò ń to ibòòji ni, bí ó ti ń to òkè àti igi.

Àtakò tí ó ṣeé ṣe

Àwọn kan yóò sọ pé kí wọ́n yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí ó di ṣádò, kí gbogbo ènìyàn sinmi. Yíyá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kámẹ́rà, fíìmù àti lẹ́ǹsì ti di ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nílé ni ènìyàn ń yá. Bí ṣádò bá wọlé, yóò kó ìdàrúdàpọ̀ ohun mẹ́ta wọ èdè tí ó ti yanjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀rọ̀ fọ́tò kéré jù láti da ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí láàmú. Ìdáhùn ni pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò dúró sínú fọ́tò nìkan. Láti ọdún 1970 tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, ó ti hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí ó ń kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ yóò kọ́ pé ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá ń ní òjìji, yóò sì kọ́ bí òjìji òṣùpá ti ń bọ́ sórí ilẹ̀ ayé nígbà tí òṣùpá bá dí oòrùn. Bí atúmọ̀ fọ́tò bá ti gba òjìji fún ohun mìíràn, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé yìí sì ní ju yàrá kan lọ.

Àtakò kẹta ni pé kámẹ́rà dígítà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fíìmù. Òtítọ́ ni, òfin àtijọ́ sì ti yí padà. Lára kámẹ́rà dígítà, ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù ni ó ń tètè sọnù láìṣeé gbà padà. Ibòòji ṣeé fà sókè lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé hóróhóró tí kò dùn ún wò yóò bá a jáde bí wọ́n bá fà á jù. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ìdánwò ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára. Fífọ fíìmù lè kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní pẹ̀lú fíìmù fúnra rẹ̀. Ibòòji kò ní kúrò, nítorí pé ohun tí ó ń sọ wà nínú ayé kí ẹ̀rọ tó dé.

Àbá

Fún ìjíròrò àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò:

Òjìji: ìrísí tí ohun tí ó dí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sórí ohun mìíràn.
Ibòòji: ibi tí ìmọ́lẹ̀ tààrà kò dé, tí ojú ara nǹkan ṣì ń hàn, ìpele 2 dé 4.
Òkùnkùn: ibi tí nǹkan kan kò hàn mọ́, ìpele 0 àti 1.
Kúlẹ̀kúlẹ̀ inú ibòòji: ohun tí ojú lè rí dájú nínú ibòòji àwòrán.
Àwòrán òdì: àwòrán orí fíìmù, tí dúdú àti funfun rẹ̀ yí padà.
Àwọ̀ eérú: ìpele 5.
Ìfojú-inú-wò: rírí àwòrán títẹ̀ lọ́kàn kí kámẹ́rà tó ṣí ojú.
Ìfojútò: yíyan ìdúró, ìgbà àti etí àwòrán.

Àkọtọ́ ibòòji pẹ̀lú gba ìpinnu, nítorí pé ibòji wà, ìbòòji sì wà, láti agbègbè dé agbègbè. Ọ̀kan ni kí ìwé ẹ̀kọ́ máa lò, kí wọ́n sì tọ́ka sí èyí tí ó kù.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ìgbìmọ̀ yóò ti máa wá ọ̀rọ̀. Títí di ìsinsìnyí, atúmọ̀ sábà máa ń jókòó ti ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà tí wọ́n fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n fún oògùn, ìwé àti àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ń dín kù. Àwọn aláró tí wọ́n mọ ìpele aró ń dín kù pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni ó wà nínú ìwé. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn pẹ̀lú ìwé àti kálàmù nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè dáhùn ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wọn ṣì wà nínú ibòòji. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó wọ òkùnkùn, kò sí oògùn tí yóò fà á yọ.